Èdè Japan lórí kọ̀ǹpútà Linux: ìbéèrè tó wọ́pọ̀ àti ìdáhùn wọn

Ohun mẹ́ta ni àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn. Èkíní ni pé kí kọ̀ǹpútà lè fi lẹ́tà Japan hàn: iṣẹ́ fọ́ǹtì nìyẹn. Èkejì ni pé kí èèyàn lè fi kíbọ́ọ̀dù kọ ọ́: iṣẹ́ ètò ìtẹ̀wé nìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní IME. Ẹ̀kẹta ni pé kí mẹ́nù àti ìkìlọ̀ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wà ní èdè Japan: iṣẹ́ locale nìyẹn. Ẹni tó kàn fẹ́ kàwé kò nílò èkejì, ẹni tó fẹ́ kọ̀wé kò sì nílò ẹ̀kẹta. Púpọ̀ nínú wàhálà tí ẹ máa kà nísàlẹ̀ yìí, ibi tí wọn kò ti ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ubuntu 22.04, Ubuntu 24.04 àti Debian 12 ni a kọ àwọn àṣẹ wọ̀nyí fún. A mẹ́nu ba Fedora, Arch àti Windows níbi tó bá yẹ.

Mo ṣí ìwé kan ní èdè Japan, àpótí kéékèèké ló kún ojú rẹ̀. Ṣé fáìlì náà ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Àpótí túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà mọ lẹ́tà tó yẹ kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí fọ́ǹtì kankan tó ní àwòrán rẹ̀. Àwọn ará Japan ń pe àpótí yìí ní tofu, nítorí ó jọ wàrà sóyà tí wọ́n gé ní ìgun mẹ́rin. Ibẹ̀ ni orúkọ fọ́ǹtì Noto ti wá: kí tofu má sí mọ́. Google àti Adobe ló jọ ṣe ẹ̀yà rẹ̀ tó wà fún Ṣáínà, Japan àti Kòríà, ọdún 2014 ni wọ́n gbé e jáde. Ẹ ṣí tẹ́míná, ìyẹn fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ èyí:

    sudo apt install fonts-noto-cjk

Ó lé ní 50 MB, nítorí náà ẹ wo dátà yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí dátà kò bá tó, fonts-ipafont tàbí fonts-vlgothic kéré sí i gan-an, ìwé yóò sì ṣeé kà dáadáa. Ẹ fi fonts-noto-cjk-extra sílẹ̀; fọ́ǹtì tó nípọn àti èyí tó tín-ín-rín ló kún inú rẹ̀, ó wúwo, ìwé kíkà kò sì nílò rẹ̀. Lórí Fedora, `sudo dnf install langpacks-ja` ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Lórí Arch, noto-fonts-cjk ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ pa bíráúsà yín pátápátá kí ẹ tó tún un ṣí. Ìwé tó ti ṣí tẹ́lẹ̀ kì í rí fọ́ǹtì tuntun. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tẹ `fc-list :lang=ja`. Bí kò bá sọ ohunkóhun, ẹ tẹ `fc-cache -fv`, kí ẹ tún un béèrè.

Lẹ́tà ti hàn, ṣùgbọ́n olùkọ́ mi ní bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń kọ ọ́ ni mo kọ ọ́ yìí.

Òótọ́ ni olùkọ́ yín sọ. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, wọ́n fún kanji, ìyẹn lẹ́tà tó ti Ṣáínà wá tí Ṣáínà, Japan àti Kòríà jọ ń lò, ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, wọ́n sì fi ìyàtọ̀ ìrísí sílẹ̀ fún fọ́ǹtì. Ẹ wo 直, nọ́ńbà rẹ̀ ni U+76F4. Nínú fọ́ǹtì Japan, ìlà kan sọ̀kalẹ̀ ní apá òsì, ó sì yí sí ọ̀tún lábẹ́ bí igun ilé. Nínú ti Ṣáínà, igun yẹn kò sí, ìlà gbọọrọ kan ló wà nísàlẹ̀. Ẹ tún wo 骨, tó túmọ̀ sí egungun: igun kékeré tó wà nínú orí rẹ̀ dojú kọ ọ̀tún ní Japan, ó dojú kọ òsì ní Ṣáínà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wo ti Ṣáínà kọ́ ìkọ̀wé yóò máa gba àmì àṣìṣe lórí ohun tó kọ bó ṣe rí i.

Ẹ ṣe fáìlì `~/.config/fontconfig/fonts.conf`, kí ẹ kọ èyí sínú rẹ̀:

    <?xml version="1.0"?>
    <!DOCTYPE fontconfig SYSTEM "fonts.dtd">
    <fontconfig>
      <alias>
        <family>sans-serif</family>
        <prefer>
          <family>Noto Sans</family>
          <family>Noto Sans CJK JP</family>
        </prefer>
      </alias>
    </fontconfig>

Ó ní ìdí tí Noto Sans fi ṣáájú. Púpọ̀ nínú àwọn fọ́ǹtì Japan kò ní ẹ àti ọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì ohùn lé wọn. Bí ẹ bá fi ti Japan ṣíwájú, Yorùbá yín yóò di àdàlù: lẹ́tà kan láti inú fọ́ǹtì yìí, èkejì láti inú òmíràn, àmì ohùn yóò sì fò kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀. Bí Noto Sans kò bá sí lórí ẹ̀rọ, fonts-noto-core ni ẹ máa fi kún un. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbà, ẹ tẹ `fc-match -s sans-serif | grep CJK`. Èyí tó kọ́kọ́ jáde gbọ́dọ̀ ní JP nínú.

Bí ẹ bá ń ṣe ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì fúnra yín, ẹ kọ `lang="ja"` sára apá tó bá jẹ́ èdè Japan. Láìsí i, bíráúsà kàn ń méfò ni.

Ṣé dandan ni kí n ra kíbọ́ọ̀dù Japan?

Rárá o. Kíbọ́ọ̀dù tí ẹ ń lò báyìí ti tó. Oríṣi lẹ́tà mẹ́ta ni èdè Japan ní: hiragana, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 46, katakana, tí òun náà jẹ́ 46, tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ àti orúkọ àjèjì, àti kanji, tí ìjọba Japan to 2,136 nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní 2010 gẹ́gẹ́ bí èyí tó yẹ fún lílò ojoojúmọ́. Kò sí kíbọ́ọ̀dù tó lè gba gbogbo èyí. Bí àwọn ará Japan fúnra wọn ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n ń fi lẹ́tà A B D tẹ ìró ọ̀rọ̀, ètò ìtẹ̀wé ń sọ ọ́ di hiragana lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì ń tẹ Space kí ó mú kanji tó bá ìró náà mu wá.

Mozc ni ètò tí a fọwọ́ sí jù. Láti inú ètò ìtẹ̀wé Japan tí Google ṣe ló ti jáde, ọdún 2010 ni Google ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ yín, torí náà kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Anthy náà wà, ó sì dàgbà jù ú lọ, ṣùgbọ́n yíyan kanji rẹ̀ kò mú bíi ti Mozc.

Kí ni kí n mú, IBus tàbí Fcitx5?

Mozc ló mọ èdè. IBus àti Fcitx5 ni ọ̀nà tó ń gbà dé inú áàpù yín. Bí GNOME bá ni ojú kọ̀ǹpútà yín, bíi ti Ubuntu tí a kò yí padà, ẹ mú IBus, nítorí ó ti wà nínú GNOME:

    sudo apt install ibus-mozc mozc-utils-gui

Ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì yín kí ẹ sì tún wọlé. Ẹ má fo èyí, nítorí kí ẹ tó tún wọlé, Mozc lè má hàn rárá. Ẹ wá lọ sí Settings, Keyboard, Input Sources, ẹ tẹ àmì +, ẹ yan Japanese, kí ẹ sì mú Japanese (Mozc). Bọ́tìnì Super pẹ̀lú Space ló ń gbé yín láti kíbọ́ọ̀dù kan sí èkejì.

Bí KDE bá ni, Fcitx5 ló dára:

    sudo apt install fcitx5 fcitx5-mozc fcitx5-config-qt
    im-config -n fcitx5

Ẹ tún jáde kí ẹ tún wọlé, ẹ wá ṣí `fcitx5-configtool`. Ẹ yọ àmì kúrò níwájú Only Show Current Language, ẹ wá Mozc, kí ẹ fi sí ìsàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù tí ẹ ń lò. Kíbọ́ọ̀dù lásán ló gbọ́dọ̀ wà lókè, Mozc ló gbọ́dọ̀ ṣìkejì. Ctrl pẹ̀lú Space ló ń tan Mozc, òun náà ló ń pa á. Bí KDE yín bá wà lórí Wayland, ìyẹn ètò tuntun tó ń fi fèrèsé áàpù hàn lójú kọ̀ǹpútà (X11 ni ti àtijọ́), ẹ tún ṣí System Settings, ẹ wá Virtual Keyboard nínú rẹ̀, kí ẹ yan Fcitx 5 níbẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Áàpù kan yóò máa gbọ́ ti IBus, òmíràn yóò máa gbọ́ ti Fcitx5, ẹ ò sì ní mọ èyí tó ń dá yín lóhùn.

Mo ti fi Japanese kún un, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì ń jáde. Àmì @ gan-an ò sí níbi tó wà mọ́.

Ẹ ti mú Japanese lásán dípò Japanese (Mozc). Èkíní kò mọ èdè kankan; àtò bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà ní Japan ni. Lórí àtò yẹn, @ wà ní ẹ̀gbẹ́ P lápá ọ̀tún, Shift pẹ̀lú 2 sì ń mú " jáde. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú Input Sources, ohun gbogbo yóò padà sí ààyè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé @ wà nínú páswọ́ọ̀dù yín, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó ti kọ̀ǹpútà pa, kí ó má baà di pé ẹ kò lè wọlé mọ́.

Mozc gan-an ni mo yàn, síbẹ̀ "a" kò di あ.

Lórí IBus, Mozc máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ipò tí kò ti yí lẹ́tà padà. Ẹ tẹ àmì A tó wà lókè ojú kọ̀ǹpútà, ẹ wọ Input Mode, kí ẹ yan Hiragana. Bí ẹ kò bá fẹ́ máa ṣe é lójoojúmọ́, ẹ ṣí `~/.config/mozc/ibus_config.textproto`, ẹ wá ìlà tó ní `active_on_launch`, kí ẹ sọ ọ́ di `active_on_launch: True`. Ẹ wá tẹ:

    ibus write-cache; ibus restart

Báwo ni mo ṣe máa tẹ̀ ẹ́ gan-an?

Ẹ fara balẹ̀ níbí yìí, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń rò pé ẹ̀rọ wọn kò dára.

Bí ìró bá ṣe rí ni ẹ ṣe máa tẹ̀ ẹ́: ka ni か, mi ni み. し gba shi, ó sì gba si. つ gba tsu, ó sì gba tu. Ẹni tó ń kọ púpọ̀ a máa mú èyí tó kúrú. を ni wo. づ ni du, ぢ ni di. Ìlà gígùn inú katakana, ー, bọ́tìnì àmì àyọkúrò ni. は tí wọ́n ń pè ní "wa" nínú gbólóhùn, ha ni ẹ máa tẹ̀. へ tí wọ́n ń pè ní "e", he ni. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni ẹ ń tẹ̀, kì í ṣe bí wọ́n ṣe pè é.

Bí ìró bá dákẹ́ díẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, ẹ tẹ kọ́ńsónáǹtì tó tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀mejì: kitte ni きって. Bí ẹ bá fẹ́ っ kékeré náà nìkan, xtu ni.

Lẹ́tà n ni ẹ ṣọ́ra fún jù. Tí fáwẹ́lì bá tẹ̀lé e, Mozc yóò so wọ́n pọ̀. Kinen ń fún yín ní きねん, 記念, ìyẹn ìrántí. Bí 禁煙 ni ẹ fẹ́, "ẹ má mu sìgá níbí", きんえん ni, kinnen ni ẹ máa tẹ̀ tàbí kin'en. N méjì ló ń sọ pé ん dá dúró.

Ẹ̀yin tó ti mọ́ lára láti kọ Lagos pẹ̀lú L, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Èdè Japan kò ya L àti R sọ́tọ̀, R ni Mozc sì fi ń kọ ìró náà. L ní iṣẹ́ mìíràn: ó ń sọ lẹ́tà di kékeré. Bí ẹ bá tẹ lagosu, ぁごす ló máa jáde, kò sì ní ìtumọ̀ kankan. Ragosu ni ẹ máa tẹ̀.

Lẹ́yìn ìró, Space. Bí kanji tó mú wá kì í bá ṣe èyí tí ẹ fẹ́, ẹ tún tẹ Space, àkójọ yóò yọ. Enter ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ tẹ hashi wò: 橋 ni afárá, 箸 ni igi tí wọ́n fi ń jẹun, 端 ni etí nǹkan. Ohùn ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́nu ní Tokyo, bí àwa náà ṣe ń fi ohùn ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Lórí ìwé, àmì ohùn la fi ń yà wọ́n. Kanji ni tiwọn. Torí náà, ẹni tó bá tẹ Enter láì wo kanji tó jáde dà bí ẹni tó kọ Yorùbá láìfàmì sí i: ẹni tó ń kà á ló máa jìyà rẹ̀.

Èyí tó ṣòro jù ni ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí èdè Japan kì í fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀. Ẹ tẹ kyouhaishaniiku, kí ẹ tẹ Space. Ó lè jẹ́ 今日は医者に行く, "lónìí, mò ń lọ sọ́dọ̀ dókítà". Ó sì lè jẹ́ 今日歯医者に行く, "lónìí, mò ń lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín". Ìró kan náà ni, は kan ṣoṣo ló bọ́ sí apá ibì kan. Mozc máa fa ìlà sábẹ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọfà òsì àti ọ̀tún rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Ẹ di Shift mú, kí ẹ fi ọfà fa ẹyọ náà gùn tàbí kí ẹ gé e kúrú, lẹ́yìn náà Space. Ẹni tó bá mọ Shift àti ọfà yìí kò ní máa pa gbólóhùn rẹ̀ rẹ́ kó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Kí Enter tó dé, F7 ń sọ ohun tí ẹ tẹ̀ di katakana, F6 ń dá a padà sí hiragana, F10 ń sọ ọ́ di lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán.

Báwo ni mo ṣe máa kọ orúkọ wa?

Katakana ni, bí ìró bá ṣe súnmọ́ ọn tó. Naijeria, F7: ナイジェリア. Yoruba, F7: ヨルバ. Èdè Japan kò ní gb, kò ní kp, kò sì ní fáwẹ́lì ìmú, nítorí náà orúkọ ẹni yóò yí díẹ̀. Ẹ pinnu bí ẹ ṣe fẹ́ kọ tiyín lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo, nítorí ní Japan ẹyọ lẹ́tà kan tó yàtọ̀ lórí ìwé báńkì àti ìwé ilé ìwé lè di orúkọ ẹni méjì.

Kí ẹ má baà máa tẹ̀ ẹ́ gùn, ẹ fi sínú ìwé ọ̀rọ̀ Mozc:

    /usr/lib/mozc/mozc_tool --mode=dictionary_tool

Ẹ kọ ìró kúkúrú ní hiragana sí ibi Reading, ẹ kọ orúkọ náà ní kíkún sí ibi Word. Láti ìgbà náà, ìró kúkúrú yẹn pẹ̀lú Space ti tó.

Ó ń ṣiṣẹ́ nínú áàpù kan, kò ṣiṣẹ́ nínú òmíràn.

Ẹ tẹ `echo $XMODIFIERS` nínú tẹ́míná. Ó gbọ́dọ̀ sọ `@im=ibus` tàbí `@im=fcitx`. Bí kò bá sọ nǹkan kan, áàpù tó ń bá X11 sọ̀rọ̀ kò mọ ibi tí ètò ìtẹ̀wé wà. Fún Fcitx5 lórí X11, ẹ fi ìlà mẹ́ta yìí sínú `~/.xprofile`, kí ẹ jáde kí ẹ tún wọlé:

    export GTK_IM_MODULE=fcitx
    export QT_IM_MODULE=fcitx
    export XMODIFIERS=@im=fcitx

Lórí KDE Wayland, XMODIFIERS nìkan ti tó. Ẹ má fi méjì yòókù síbẹ̀. Fún Chrome, Chromium àti àwọn áàpù tí wọ́n fi Electron ṣe lórí Wayland, ẹ fi èyí ṣí wọn:

    chromium --ozone-platform=wayland --enable-wayland-ime

Bí ó bá ṣì ń kọ̀, `fcitx5-diagnose` yóò ka gbogbo ètò náà fún yín, yóò sì tọ́ka sí ibi tó já.

Mo fẹ́ máa kọ Yorùbá àti èdè Japan lórí ẹ̀rọ kan náà.

Ó rọrùn. Àtò kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Linux lábẹ́ Nigeria. Ẹ fi í ṣe orísun kan nínú Input Sources, kí Mozc jẹ́ òmíràn, Super pẹ̀lú Space sì ni yóò máa gbé yín lọ gbé yín bọ̀. Mozc kò bìkítà nípa locale. Ẹ lè fi ẹ̀rọ yín sí yo_NG, kí ọjọ́ àti oṣù wà ní Yorùbá, kí ẹ sì máa kọ Japan lórí rẹ̀ láìsí ìjà.

Kì í ṣe àpótí ni mo rí, lẹ́tà tí kò nítumọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì kọ́ nìyẹn. Fáìlì náà wà ní ìlànà ìkọsílẹ̀ kan, ẹ̀rọ yín sì ń fi òmíràn kà á. Ẹni tó ti rí áº¹ níbi tó yẹ kí ẹ wà nínú Yorùbá ti rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ará Japan ń pè é ní mojibake, ìrísí rẹ̀ sì máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀:

Bí ojú ìwé bá kún fún 縺, 繧 àti 繝, UTF-8, ìlànà tó wọ́pọ̀ jù lónìí, ni fáìlì; Shift_JIS, ìlànà Japan àtijọ́, ni wọ́n fi kà á. Bí ã bá pọ̀ lọ bẹẹrẹ, UTF-8 ni, ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kà á. Bí ‚ àti ƒ ló pọ̀, Shift_JIS ni, ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kà á. Bí ó bá jẹ́ � níbi gbogbo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Shift_JIS tí wọ́n fi UTF-8 kà. Ní ti èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fáìlì náà pamọ́. Bí ẹ bá ti tẹ Save, � yóò rọ́pò lẹ́tà gidi, kò sì sí oògùn tó lè jí i.

Ẹ fi `nkf --guess iwe.txt` béèrè ìlànà rẹ̀, kí ẹ wá yí i:

    iconv -f CP932 -t UTF-8 iwe.txt > iwe-tuntun.txt

CP932 ni kí ẹ lò, kódà bí wọ́n bá ní Shift_JIS ni. CP932 ni Shift_JIS bí Windows ṣe ń kọ ọ́, ó ní ①, ㈱ àti 髙 nínú, irú 髙 tó máa ń wà nínú orúkọ ìdílé. Bí ẹ bá kọ SHIFT_JIS, iconv yóò dúró ní èkíní tó bá pàdé nínú wọn.

Fáìlì zip tó wá láti Windows ilẹ̀ Japan náà máa ń ní orúkọ tó dàrú. `unzip -O CP932 iwe.zip` ni fún Debian àti Ubuntu. Bí ìyẹn kò bá gbà, ẹ gbé unar sórí ẹ̀rọ, òun a máa dá ìlànà mọ̀ fúnra rẹ̀.

Àṣẹ tí mo ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ò ṣiṣẹ́ mọ́ nínú tẹ́míná. "Command not found" ló ń sọ.

Ẹ gbàgbé láti pa Mozc. Nígbà tí hiragana bá wà, Space ń mú àlàfo Japan jáde, U+3000, tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì tiwa. Lójú èèyàn, àlàfo ni. Lójú tẹ́míná, lẹ́tà ni, torí náà `ls` àti `-l` ti lẹ̀ mọ́ra di ọ̀rọ̀ kan. Bí inú fáìlì ló bá wà, `cat -A` yóò fi hàn bíi `M-cM-^@M-^@`. Lẹ́tà fífẹ̀ bíi ａｂｃ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ímeèlì àti páswọ́ọ̀dù. Nínú ètò Mozc, ẹ sọ Space style di Halfwidth. Ó ń dáàbò bo ẹni tó máa ń lo tẹ́míná.

Mo fẹ́ kí mẹ́nù ẹ̀rọ pàápàá wà ní èdè Japan.

Lórí Ubuntu, `sudo apt install language-pack-ja language-pack-gnome-ja`, lẹ́yìn náà ẹ yan 日本語 nínú Region & Language. Lórí Debian, `sudo dpkg-reconfigure locales`, kí ẹ fi àmì sí ja_JP.UTF-8. Lórí Arch, ẹ yọ # kúrò níwájú ja_JP.UTF-8 nínú `/etc/locale.gen`, kí ẹ tẹ `sudo locale-gen`. Ẹ fi `LC_ALL=ja_JP.UTF-8 date` dán an wò: bí 年, 月 àti 日 bá jáde, ó ti gbà.

Nígbà tí ẹ bá tún wọlé, yóò béèrè bóyá kí ó yí orúkọ fódà padà, kí Downloads di ダウンロード, kí Desktop di デスクトップ. Ẹ tẹ Keep Old Names. Bí ẹ bá gbà fún un, ẹ ó máa tan Mozc kí ẹ tó lè dé inú fódà yín láti tẹ́míná. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, `LANG=C xdg-user-dirs-gtk-update` ni yóò dá wọn padà.

Ẹ má ṣe èyí lórí sáfà tí kò ní ojú GNOME tàbí KDE. Ojú dúdú tí Linux fúnra rẹ̀ ń fi hàn kò lè gbà ju lẹ́tà 512 lọ, torí náà gbogbo ìkìlọ̀ rẹ̀ yóò di àpótí ní ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù.

Mo fẹ́ fi hiragana kékeré sórí kanji nínú LibreOffice.

Furigana nìyẹn. Ẹ wọ Tools, Options, ibi tí ètò èdè wà, ẹ fi àmì sí Asian. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, mẹ́nù rẹ̀ kì í hàn. Lẹ́yìn náà ẹ fa àwọ̀ sórí kanji, ẹ lọ sí Format, Asian Phonetic Guide, kí ẹ kọ ìró rẹ̀.

Windows ni tèmi. Kí ni kí n ṣe?

Lórí Windows 10 àti 11, ẹ lọ sí Settings, apá èdè, Add a language, ẹ yan 日本語. Ẹ yọ àmì kúrò níwájú ìlà tó ní kí ó di èdè Windows, àyàfi bí ìyẹn gan-an lẹ bá fẹ́. Windows tó ní Single Language lórúkọ kò ní gbà kí ẹ yí èdè mẹ́nù, ṣùgbọ́n yóò gbà kí ẹ kọ èdè Japan. Windows pẹ̀lú Space ń yí kíbọ́ọ̀dù. Alt pẹ̀lú bọ́tìnì tó wà lápá òsì 1 ń gbé yín láti A sí あ. Bí @ bá sá kúrò ní ààyè rẹ̀, ẹ wọ Language options ti Japanese, kí ẹ yí àtò kíbọ́ọ̀dù sí 101/102 key. Bí ìwé kan bá béèrè Meiryo tàbí MS Mincho, ẹ wá Japanese Supplemental Fonts nínú Optional features.

Fún ètò Japan àtijọ́ tí kò mọ Unicode, ẹ tẹ `intl.cpl`, Administrative, Change system locale, Japanese (Japan), kí ẹ sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Ẹ má fi àmì sí ìlà UTF-8 tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè rí C:¥Users níbi tó yẹ kí \ wà. Nọ́ńbà kan náà ni, 0x5C. Ní Japan, àmì owó yen ni wọ́n fi sí ibẹ̀ látijọ́. Nọ́ńbà yìí náà ló wà ní ìdajì kejì 表 àti ソ nínú Shift_JIS, ìdí sì nìyẹn tí ètò kan tí kò gbọ́ èdè Japan fi lè kọ̀ láti ṣí fáìlì tó bá ní ọ̀kan nínú wọn lórúkọ, tí yóò sì ṣí gbogbo ìyókù. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ yí orúkọ fáìlì yẹn nìkan padà.